Ọ̀wẹ̀ Àna Lóko Obì Bàbá

Òórùn èèpo obì tó ti rà, tí òjò pa, tí oòrùn sì tún yan gbẹ, ni òórùn àkọ́kọ́ tí imú mi mọ̀ láyé. Ìwọ lè máa rántí ọbẹ̀ ìyá rẹ, ọ̀rẹ́ mi, kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ. Tèmi, òórùn kan tó kan díẹ̀ bí ẹmu àná, tó pọ̀ mọ́ ti ewé tútù, ni. Abúlé wa wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìkòtún lọ sí Ìgàndò, láyé ìgbà tí ará Èkó bá gbọ́ orúkọ ibẹ̀, á béèrè pé ṣé Nàìjíríà náà ni ibẹ̀ ṣì wà. Ẹ̀yin tí ẹ wá ń san owó ilé síbẹ̀ lónìí, tí ẹ ń bá onílé fa wàhálà omi, oko obì gbànja ni ibi tí ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín sí, ẹ má dá mi lóhùn jàre. Àwọn obìnrin ilé wa á jókòó yí òkìtì obì ká lábẹ́ ibòòji, wọ́n á fi ọ̀bẹ kékeré la èèpo rẹ̀, wọ́n á bó awọ funfun tó wà lára rẹ̀, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á fi ewé gbòdógì tẹ́ inú agbọ̀n, wọ́n á wá tò ó síbẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun. Láti ibẹ̀ ló ti ń lọ sọ́wọ́ àwọn Haúsá olóbì ní Agége, tí wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sókè ọ̀hún.

Bàbá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Òun ló tọ́ mi nígbà tí bàbá mi kú, òun ló rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, òun náà sì ni olórí abúlé wa. Ó ga, ó gbẹ, ọrùn rẹ̀ gùn bí ẹni tó ń yọjú wo ilé aládùúgbò. Àṣà ni Bàbá fi ń ṣe gààrí, òun ló fi ń ṣe ẹran. Bí o bá kí i tí orúnkún rẹ kò kanlẹ̀ dáadáa, kò ní bínú sí ọ o, yóò kàn ní kí o padà síta kí o tún wọlé. Ọjọ́ tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú bàtà onígìgísẹ̀ gíga tó gbòde nígbà náà, mo wọlé lẹ́ẹ̀mẹta kí ìkíni mi tó yè kooro. Oko obì yẹn, bàbá tirẹ̀ ló gbìn ín. Ó mọ igi kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ bí mo ṣe mọ àwọn ọmọ kíláàsì mi, tó fi mọ́ àwọn ọ̀lẹ inú wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Bàbá: ọ̀nà. Àbàtà kan dùbúlẹ̀ sáàárín oko náà àti títì ọlọ́dà, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, orí la fi ń ru obì kọjá nínú ẹrẹ̀ tó dé orúnkún. Ìyàwó Bàbá, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá, ṣubú síbẹ̀ lọ́dún kan tòun ti agbọ̀n, ó sì ti ń tiro láti ìgbà náà. Àwọn olóbì Agége mọ̀ pé ọkọ̀ kankan kò lè dé ọ̀dọ̀ wa, iye tó bá sì wu ẹnu wọn ni wọ́n ń pè é. A ó ṣe iṣẹ́ ọdún kan, àbàtà á jẹ èrè rẹ̀.

Ìgbà náà ni owó epo ń rọ̀ bí òjò ní Èkó. Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń la títì, wọ́n ń gbé afárá sórí afárá, ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ lánàá ń ra mọ́tò lónìí. Ṣùgbọ́n títì kì í ṣeé ṣe láìsí yangí, ilẹ̀ pupa líle tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ọ̀dà, yangí náà ló sì kún abẹ́ ilẹ̀ wa. Ìdílé tó bá wa pààlà ta ilẹ̀ tiwọn fún agbaṣẹ́ṣe kan, ó kó katakata àti típà dé, kò sì pẹ́ rárá tí ó fi gbẹ́ kòtò kan tí o lè gbé mọ́ṣáláṣí wa àti ṣọ́ọ̀ṣì Ìgàndò sínú rẹ̀ kí wọ́n má gbọ́ ohùn ara wọn. Ọ̀gá Yangí la sọ ọ́. Ọkùnrin tó rí rọ̀bọ̀tọ̀, tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ máa ń dé kí òun tó dé.

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó pe gbogbo wa sí ìpàdé. Ó ní iṣẹ́ kòtò náà yóò sọ ará abúlé dèèyàn: ọ̀nà ń bọ̀, omi ẹ̀rọ ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ á ríṣẹ́, àwọn obìnrin á rọ́jà tà. Ọ̀rọ̀ náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí màmá arúgbó kan fi ní kí ó jọ̀wọ́ tún un sọ. Ohun tí a rí gbà ni eruku. Eruku pupa bà lé aṣọ tí a sá, ó bà lé gààrí, kódà adìẹ funfun di ohun tí mo ń fi àwòrán ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó la ọ̀nà lóòótọ́, ọ̀nà tirẹ̀, láti ẹnu kòtò dé títì, ó sì fi irin gbọọrọ dábùú ẹnu rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ru obì débẹ̀, ọlọ́dẹ tó jókòó síbẹ̀ á ní, "Ọ̀nà típà nìyí o. Ẹ gba ọ̀nà yín lọ."

Nígbà tó yá, kòtò náà kan omi. Yangí ibẹ̀ tán. Ọ̀gá Yangí bá tọ Bàbá wá pé kí ó ta oko obì fún òun, Bàbá sì ní igi tí bàbá òun gbìn kì í ṣe ọjà. Ó lọ, ó padà. Ó tún lọ, ó tún padà. Nínú lílọ-bíbọ̀ yìí ni ojú rẹ̀ ti bà lé àbúrò mi, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí. Arẹwà ni, mi ò lè purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbìyànjú. Ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìkòtún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Mo bi í pé ṣé yóò lè fẹ́ ọkùnrin tó ń jẹ ilẹ̀ bí ekòló.

"Tíṣà," ló pè mí, "ẹni tó ń wa ilẹ̀ sàn ju ẹni tó ń fi ẹfun kọ orúkọ ilẹ̀ sára pátákó lọ. Ìwọ ṣá dúró de ọkọ tó mọ ìṣirò."

Nígbà tí Ọ̀gá Yangí wá tọrọ rẹ̀ láti fi ṣaya, Bàbá ronú sí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ló pe èmi àti Ìyá wọ yàrá, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ẹni tó rí owó he. "Ẹ gbọ́," ó ní. "Ìlérí kì í de èèyàn. Àna ló ń de èèyàn." Ó wá rán wa létí ohun tí gbogbo wa mọ̀, pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ẹni gbọ́dọ̀ kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko bàbá ìyàwó, kálukú á sì mú irinṣẹ́ tirẹ̀ dání. "Ẹni tó ní ọkọ́ a mú ọkọ́ wá. Ẹni tó ní àdá a mú àdá wá. Ẹni tó wá ní katakata ńkọ́?" Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ìyá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí kí n sọ òótọ́, ọgbọ́n náà dùn. Ohun tí ìjọba kò ṣe fún wa, tí ilé iṣẹ́ kòtò ṣèlérí tí kò mú ṣẹ, ọkùnrin kan yóò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ìyàwó.

Nígbà tí Ọ̀gá Yangí gbọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti léèsì. "Ọ̀nà nìkan, Bàbá? Ẹ jẹ́ n ṣe é kó yẹ yín." Bàbá kò fi ọ̀rọ̀ náà sínú òkùnkùn. Ó mú un dé ojú ilẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka láti ẹ̀gbẹ́ oko obì, gba inú àbàtà, dé etí títì, ó sì ní kí wọ́n ri màrìwò mọ́lẹ̀ ní gbogbo ibi tí ọ̀nà náà máa gbà kọjá. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò mọ ibi tí wọ́n ní kí òun ṣiṣẹ́ sí.

Ó wá ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ nípa ọ̀wẹ̀ àna lọ́dọ̀ wa, nítorí òun gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá ìyàwó kì í dé oko lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀. Bí ó bá lọ, ó ti sọ àna rẹ̀ di alágbàṣe tí èèyàn ń ṣọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Ilé ni yóò jókòó sí, á wọṣọ dáadáa, á máa gba kíkí àwọn èèyàn. Àwọn ọmọbìnrin ilé rẹ̀ ni wọ́n á gbé oúnjẹ lọ. Ó di ọjọ́ kejì kí ó tó lọ wo iṣẹ́, kí ó sì dúpẹ́. Bàbá ṣàlàyé èyí fún Ọ̀gá Yangí pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó ń fi ohun ẹ̀ṣọ́ ilé rẹ̀ han àlejò.

"Ẹ̀yin fúnra yín ò ní wá, Bàbá?"

"Èèwọ̀ ni."

"Àwọn ará ilé yòókù ńkọ́?"

"Àwọn ọmọbìnrin tó máa gbé oúnjẹ wá nìkan, lẹ́yìn ìrun Àìlà ọ̀sán."

Ọ̀gá Yangí mi orí. "Èèwọ̀ yín dára o, Bàbá," ó ní. "Ó dára gan-an."

Ọjọ́ Sátidé ni ọ̀wẹ̀ bọ́ sí. Ọyẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, obì ti gbó lórí igi, a ò tíì ká ju ìwọ̀nba lọ, torí Bàbá ní kí a dúró dìgbà tí ọ̀nà bá là, kí ọkọ̀ lè wá kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A pa òbúkọ kan tí òórùn rẹ̀ nìkan tó ọbẹ̀. Odó ń dún lágbàlá, Ìyá ń tiro kiri ìdí iná pẹ̀lú ẹ̀gúsí, àbúrò mi di irun tuntun, ó sì jókòó bí ìyàwó, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Láti ìdájí la ti ń gbọ́ ìró katakata náà látòkèèrè, ó ń ké, ó ń hó, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ìkòkò wa. Bàbá gbé àga síta. Ó wọ dàńdógó tó máa ń wọ lọ sí yídì, àwọn èèyàn ń ti abúlé gbogbo wá kí i kú oríire.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti abúlé kejì, baba tó ní etí bí ehoro, gbọ́ ìró náà títí, ó ní, "Ariwo yìí mà pọ̀ fún ọ̀nà ẹyọ kan o."

"Ìlara ń ṣe ọ́," ni Bàbá dá a lóhùn. "Nígbà tí àna tìrẹ wá ṣe ọ̀wẹ̀, ọkọ́ mélòó ló kó wá? Èyí tó tilẹ̀ mú wá, ṣebí ọ̀kan ṣẹ́ nínú rẹ̀?"

Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Baba náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, kí ni ì bá ṣe?

Lẹ́yìn ìrun Àìlà, èmi àti àbúrò mi gbé oúnjẹ rù. Nígbà tí a dé àbàtà, a bá àwọn màrìwò níbi tí wọ́n rì wọ́n sí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn, omi dúró jẹ́ẹ́ láàárín wọn. Kò sí ojú ẹsẹ̀ katakata kankan níbẹ̀.

"Bóyá òkè ọ̀hún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀," ni àbúrò mi wí. Òórùn kan ti ń bọ̀ wá bá wa lójú ọ̀nà, òórùn gbòǹgbò tútù tí wọ́n fà já, pọ̀ mọ́ ti obì tí wọ́n tẹ̀ fọ́, ó pọ̀ ju ohun tí imú èèyàn lè gbà lọ. Ohun tó tẹ̀ lé e ni oòrùn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, èèyàn kì í rí oòrùn ní apá ibẹ̀, ibòòji ni. Lọ́jọ́ náà oòrùn dà lé wa lórí bí ìgbà tí wọ́n ṣí òrùlé ilé, a sì dúró.

Àwọn igi obì ti wó nílẹ̀, gbòǹgbò wọn kọjú sókè. Katakata kan ń wọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn ń bu ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn sínú típà, àwọn típà yòókù tò tẹ̀ lé ara wọn bí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń dúró gba oúnjẹ. Obì tó ti gbó, tí a ń dúró dè, wà lábẹ́ irin ẹsẹ̀ katakata, ó ti di ẹrẹ̀ funfun àti pupa. Ibi tí wọ́n ti bù lọ pupa bí inú ẹnu.

"Àwọn ìyàwó ti dé!" Ẹni tó ń wa katakata ló kígbe bẹ́ẹ̀, ó pa ẹ̀rọ, ó bẹ́ sílẹ̀. "Ẹ kú oúnjẹ o!"

Àbúrò mi sọ ẹrù kalẹ̀. "Ta ló ní kí ẹ dé ibí?"

"Ọ̀gá ni. Ó ní ọ̀wẹ̀ àna òun ni, ká ṣe é tọkàntọkàn." Ó jókòó sórí igi tó wó, ó he obì kan nílẹ̀, ó fi aṣọ nù ún, ó gé e jẹ. "Obì yín dùn o. Kò tilẹ̀ korò."

Wọ́n jókòó sórí àwọn igi náà, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n jẹun. Oúnjẹ ọ̀wẹ̀ kì í padà sílé, èyí náà wà nínú àṣà, àbúrò mi sì bù ú fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹran lé e, ó ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ṣé ẹran kò kù mọ́ ni, àbúrò mi sì wá ẹran kún tirẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé ohùn tó fi ń kí wọn yẹn. Ohùn tó máa ń fi dá àwọn oníbàárà lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni.

Nígbà tí a ń bọ̀, a dé etí àbàtà kí ó tó sọ̀rọ̀. "Ìwọ ni o máa sọ fún un."

"Èmi? Ìwọ lo ni ọkọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi àgbọn kan mú, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹkún ni.

Bí a ṣe yọ sí agbo ilé báyìí, tí Bàbá rí i pé ìkòkò òfìfo la rù bọ̀, ó na ọrùn rẹ̀ gígùn yẹn. Gbogbo àwọn àlejò tẹ́tí. "Ẹ ti dé? Ọ̀nà náà ńkọ́, ṣé ó fẹ̀?"

"Ó fẹ̀, Bàbá," ni mo dá a lóhùn.

"Ṣé ọkọ̀ méjì lè pàdé níbẹ̀?"

"Ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ elétí ehoro. "Ṣé o gbọ́? Àbí kí ó tún un sọ?" Ìlù kò sí níbẹ̀, ó sì jó díẹ̀ lórí àga. Títí di òní, mi ò tíì fún ìbéèrè kankan ní èsì tó jẹ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì ni àṣà ní kí ó lọ wò ó. Ìrọ̀lẹ́ kan ló ṣẹ́kù fún un, mo sì fi í sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi, òun àti Ìyá lọ. Nígbà tí a débẹ̀, kò pariwo. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ ilẹ̀, mo sì rí i pé ibi tí igi àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ̀ gbìn wà ló ń wá. Kò lè rí i. Kì í ṣe pé igi náà wó nìkan ni, ilẹ̀ tí ó dúró lé ti lọ. Ibi tí igi náà wà tẹ́lẹ̀ ti di afẹ́fẹ́, lókè orí wa níbẹ̀ yẹn. Ìyá ní tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àwọn obì tí kò fọ́ sínú ìró rẹ̀, ó ń tiro láti igi dé igi, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Òórùn lọ́fínńdà dé. Ọ̀gá Yangí sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ funfun rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ilẹ̀ pupa náà. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Iṣẹ́ ti ṣe o."

"Ọ̀nà ni mo ní kí o là."

"Ọ̀nà ń bọ̀, Bàbá. Ẹni tó máa la ọ̀nà, ṣé kò ní kọ́kọ́ tún ilẹ̀ ṣe ni? Àwọn igi yẹn ti gbó. Àti pé ẹ̀yin lẹ pè mí, ẹ̀yin lẹ bọ́ mi."

Gbogbo èyí, àyà rẹ̀ wà nílẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Ọkùnrin kì í dìde níwájú bàbá ìyàwó rẹ̀ títí wọ́n á fi ní kí ó dìde, ó sì ti kọ́ ìyẹn náà. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń dúró. Bàbá ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ Bàbá. Mo ń gbàdúrà pé kí ó fi í sílẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ yẹn títí di alẹ́, kí ó sáà ṣe nǹkan kan, nǹkankínǹkan.

"Dìde," ni Bàbá wí.

Ìpàdé ẹbí gbóná. Àbúrò Bàbá ọkùnrin kan ní kí a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, Bàbá ní, "Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló pe katakata wọ oko, kí ni kí n wí?" Ẹnìkan ní ó kéré tán, kí a gba ọmọ wa padà, ṣebí wọn kò tíì so yìgì. Gbogbo wa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà kúnlẹ̀. "Bàbá, mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

"Èmi náà ò fẹ́ ẹ," ni Bàbá dá a lóhùn. "Ó ṣiṣẹ́, ó jẹ oúnjẹ mi. A kì í jẹ iṣẹ́ àna tán, ká wá fi ìyàwó dù ú."

Ìyá ló kígbe. Ó ní ṣé ó wá fẹ́ fi ọmọ tẹ̀ lé oko ni.

"Ìyá ọmọ mi, gbọ́," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Bí n kò bá fún un ní ọmọ, a jẹ́ pé ọ̀wẹ̀ kọ́ ló ṣe mọ́, olè ló jà mí. Mi ò lágbára olè. Àna ni mo lágbára rẹ̀."

Wọ́n so yìgì náà ní mọ́ṣáláṣí wa kí oṣù tó parí, Bàbá sì ṣe àdúrà fún àbúrò mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fo ọ̀kan.

Wàyí o, kí o má bàa sọ pé Ọ̀gá Yangí kò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Àwọn ọ̀dọ́ wa ríṣẹ́: ṣọ́bìrì ni wọ́n fún wọn, wọ́n ń bu ilẹ̀ baba wọn sínú típà. Àwọn obìnrin tí kò ní obì láti bó mọ́ ń se ìrẹsì fún àwọn awakọ̀. Bàbá náà ríṣẹ́, torí àna rẹ̀ ní ojú á ti òun bí òun bá jẹ́ kí ó jókòó lásán. Wọ́n rán aṣọ kákì fún un, wọ́n fún un ní fèrè, wọ́n sì gbé e ka ìdí irin gbọọrọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kòtò. Láràárọ̀ ni Ọ̀gá Yangí máa ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, á dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, Bàbá á ní kí ó dìde, á wá gbé irin náà sókè fún un kí ó lè wọlé.

Nígbà tó yá, ọ̀gá kan ti ọ́fíìsì ìjọba dé pẹ̀lú àwọn oníròyìn, wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n ní kí èmi tíṣà kó àwọn ọmọ ilé ìwé wá pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ gidi. Ó ní kí gbogbo àwọn abúlé tó sún mọ́ ibi ìwalẹ̀ wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wa, abúlé tí ọrọ̀ ilẹ̀ ti sọ di ọlọ́rọ̀. Àbúrò mi wà lórí àga iwájú nínú léèsì, oyún inú rẹ̀ ti yọ. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ rédíò dání wá nà án sí ẹnu Bàbá. "Bàbá, ẹ sọ fún wa, kí lẹ rí gbà nínú iṣẹ́ yìí?"

Bàbá wo ẹ̀rọ náà. Ó wo kòtò.

"Àna," ó ní.

Gbogbo àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ìjọba rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ láti nu omi ojú, ó ní bàbá yìí mà lẹ́fẹ̀ o. Ọ̀gá Yangí sáré bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀, àtẹ́wọ́ sì di ìlọ́po méjì, àwọn ọmọ kíláàsì mi ló pa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àbúrò mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ wò ó, òun náà wo bàbá rẹ̀, wọ́n sì jọ gbé ojú kúrò.

Ó pẹ́ tí mo fi ń bínú sí Bàbá ju bí mo ṣe ń bínú sí ẹni tó jẹ oko rẹ̀ lọ. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ pé àgbà náà gọ̀, pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so okùn mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti rí àwọn mìíràn tó wá ṣoore fún ará oko, mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn wọn. Wọn kì í béèrè ohun tí o fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ni ọjọ́ tí o kò ní sí lóko. Nísinsìnyí tí mo bá rántí Bàbá nínú aṣọ kákì yẹn, pẹ̀lú fèrè lọ́rùn rẹ̀ gígùn, mi ò rí òmùgọ̀ mọ́. Mo rí ọkùnrin tí wọ́n gbé ìyà méjì síwájú rẹ̀, tí kò sì sí ọ̀nà àbáyọ nínú èyíkéyìí. Ó yan èyí tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún.